Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kò bàjẹ́, àdírẹ́sì rẹ̀ ló yí padà

NEPA mú iná lọ lóru, wọ́n dá a padà nígbà tí ilẹ̀ mọ́. Àwọn ọmọ tó fẹ́ tẹ ìwé JAMB wọn ti tò sẹ́nu ọ̀nà business centre. Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù tẹ Print, ó tún un tẹ̀, kò sóhun tó jáde. Kọ̀ǹpútà ti kọ Offline sábẹ́ orúkọ printer. Bẹ́ẹ̀ printer ọ̀hún wà lórí tábìlì, iná aláwọ̀ ewé rẹ̀ ń tàn, bébà wà nínú rẹ̀, íńkì kò tán.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ṣe ni kí wọ́n yọ printer náà kúrò lórí kọ̀ǹpútà pátápátá, kí wọ́n tún gbogbo sọ́fíwíà rẹ̀ fi sí i láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó máa ń ṣiṣẹ́ nígbà mìíràn, ìyẹn ni kò sì jẹ́ kí wọ́n mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an. Ó ṣiṣẹ́ nítorí pé bí wọ́n ṣe ń fi í sí i ni kọ̀ǹpútà tún lọ wá ibi tí printer wà. Ibi tó wà yẹn nìkan ló sọnù. Sọ́fíwíà kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Gbogbo nǹkan tó wà lórí nẹ́tíwọ̀kì, ì báà ṣe kọ̀ǹpútà, fóònù tàbí printer, ló ní nọ́ńbà àdírẹ́sì tí à ń pè ní IP address, irú bíi 192.168.1.23. Ráútà, àpótí tó so gbogbo wọn pọ̀ mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, ló ń pín nọ́ńbà wọ̀nyí, bí àwọn hòtẹ́ẹ̀lì ṣe ń pín kọ́kọ́rọ́ yàrá. DHCP ni orúkọ ètò tó fi ń pín in. Kì í fúnni títí ayé, ó ń yáni fún ìgbà díẹ̀ ni. Tí iná bá lọ, ọ̀pọ̀ ráútà kékeré ni kì í rántí ẹni tó wà ní yàrá wo mọ́. Nígbà tí iná bá dé, fóònù ẹnì kan tó tètè wọlé lè gba 23, kí printer wá gba 192.168.1.31. Kọ̀ǹpútà kò gbọ́ sí i. Ó ṣì ń gbé iṣẹ́ lọ sí 23, ẹni tó bá níbẹ̀ kò sì mọ ìwé títẹ̀. Ló bá kọ Offline.

Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ọ̀rọ̀ máa ń rí báyìí. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá pè mí síbi printer tó kọ̀ tí kò dáhùn, ọ̀rọ̀ àdírẹ́sì ni mo máa ń kọ́kọ́ fura sí, kì í sì í sábà já mi kulẹ̀. Ọ̀dọ̀ printer la ó ti bẹ̀rẹ̀, a ó wá máa bọ̀ wá sọ́dọ̀ kọ̀ǹpútà díẹ̀díẹ̀. Ẹ tẹ̀ lé e bó ṣe tò, torí ìdáhùn tí ẹ bá rí níbì kan ni yóò sọ ibi tí ẹ ó gbà kọjá lẹ́yìn rẹ̀.

1. Ẹ bi printer fúnra rẹ̀ léèrè

Kí ẹ tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rárá, ẹ jẹ́ kí printer dá tẹ ìwé kan jáde. Tó bá jẹ́ irú èyí tó ń ṣe fotokọ́pì, ẹ fi ṣe fotokọ́pì kan. Tí kò bá jáde, ẹ dúró níbẹ̀. Bébà ló há ni, tàbí tónà, tàbí ẹ̀rọ náà gan-an. Nẹ́tíwọ̀kì kò sí nínú ẹjọ́ yẹn. Tó bá jáde, ẹ lọ sínú menu orí rẹ̀, ẹ wá Network tàbí Reports, kí ẹ tẹ Network Configuration Page. Àwọn kékeré tí kò ní menu máa ń ní bọ́tìnnì kan tàbí méjì tí ẹ ó tẹ̀ mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan kí ìwé yẹn tó jáde. Èwo ni bọ́tìnnì náà yàtọ̀ láti printer kan sí èkejì, ìwé tó bá a wá nínú páálí ló máa sọ ọ́.

Ẹ fi bírò yí nǹkan mẹ́ta ká lórí ìwé náà: IPv4 Address, Subnet Mask, àti Hardware Address tí àwọn mìíràn ń pè ní MAC Address. Tó bá jẹ́ Wi-Fi ló ń lò, ẹ yí SSID náà ká. Orúkọ Wi-Fi tó so mọ́ nìyẹn. Ẹ má ju ìwé yìí nù, a ó lò ó títí dé òpin.

Tí IP rẹ̀ bá jẹ́ 0.0.0.0, kò rí àdírẹ́sì kankan gbà. Tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 169.254, printer náà ké pe ráútà títí, kò gbọ́ ìdáhùn, ló bá sọ ara rẹ̀ lórúkọ. Irú orúkọ bẹ́ẹ̀ kò wúlò fẹ́nikẹ́ni. Ẹ má wulẹ̀ lọ sídìí kọ̀ǹpútà, àárín printer àti ráútà ni wàhálà wà.

Tó bá jẹ́ wáyà ló so wọ́n pọ̀, ẹ wo iná kéékèèké tó wà níbi tí wáyà ti wọlé, lẹ́yìn printer àti lẹ́yìn ráútà. Tí kò bá tàn, ẹ pààrọ̀ wáyà, ẹ sì gbìyànjú ihò mìíràn lára ráútà. Wáyà tó gba abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì tàbí ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù kọjá, ẹ tú u wò. Eku kì í mọ̀ pé ti nẹ́tíwọ̀kì ni. Tó bá jẹ́ Wi-Fi, ẹ béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ti yí password padà láìpẹ́. Gbogbo fóònù tó wà nílé ló máa gba password tuntun lọ́jọ́ náà, printer nìkan ni wọ́n máa ń gbàgbé. Ohun mìíràn tún ni pé ọ̀pọ̀ printer, pàápàá àwọn tó ti pẹ́ díẹ̀, 2.4 GHz nìkan ni wọ́n ń gbọ́. Tí ráútà tuntun bá ń sọ 5 GHz nìkan, printer kò ní rí orúkọ Wi-Fi náà rárá, bó ti wù kó súnmọ́ ọn tó.

2. Ṣé agbo ilé kan náà ni wọ́n ń gbé?

Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Lórí kọ̀ǹpútà Windows, ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows àti R papọ̀, ẹ kọ cmd, ẹ tẹ Enter. Fèrèsé dúdú kan á ṣí. Ẹ kọ ipconfig síbẹ̀. Ẹ wá IPv4 Address, kí ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé printer. Tí Subnet Mask bá jẹ́ 255.255.255.0, bó ṣe máa ń rí nílé àti ní ọ́fíìsì kékeré, ìdá mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú nọ́ńbà méjèèjì gbọ́dọ̀ bára mu. 192.168.1.20 àti 192.168.1.31, agbo ilé kan ni. 192.168.8.20 àti 192.168.1.31, wọn ò jọ gbé.

Lọ́dọ̀ tiwa, MiFi ló sábà máa ń fa èyí. Íntánẹ́ẹ̀tì ọ́fíìsì kò lọ dáadáa, akọ̀wé so kọ̀ǹpútà mọ́ MiFi tàbí fóònù ara rẹ̀ kí iṣẹ́ lè máa lọ. Íntánẹ́ẹ̀tì padà dé, kọ̀ǹpútà kò padà. Ó ń ṣí Google, ó ń fi email ránṣẹ́, ẹnikẹ́ni kò fura pé ó ti kúrò nílé. Ìgbà tí wọ́n fẹ́ tẹ ìwé ni wọ́n tó mọ̀.

Wi-Fi àlejò náà wà lára rẹ̀, èyí tí orúkọ rẹ̀ máa ń ní Guest nínú. Ńṣe ni wọ́n dìídì ṣe é kí àlejò má lè rí ohun tó wà nínú ilé, printer sì wà lára ohun inú ilé. VPN ilé iṣẹ́, ètò tó ń so kọ̀ǹpútà mọ́ nẹ́tíwọ̀kì ilé iṣẹ́ láti ọ̀nà jíjìn, náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ láti ilé. Ẹ pa VPN fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ tẹ̀wé wò. Tí orúkọ Wi-Fi tí kọ̀ǹpútà so mọ́ bá sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú DIRECT-, ara printer gan-an lẹ so ó mọ́, kì í ṣe ráútà. Ẹ lè tẹ̀wé báyẹn, àmọ́ íntánẹ́ẹ̀tì lè lọ.

Èyí tó le jù nínú wọn ni ráútà méjì. Ẹnì kan ra ráútà kejì kí Wi-Fi lè dé yàrá ẹ̀yìn, ó ki wáyà láti ara ti àkọ́kọ́ sínú ihò WAN ti èkejì, èyí tó wà fún íntánẹ́ẹ̀tì tó ń wọlé. Ó ti mọ ògiri láàárín ilé nìyẹn láìmọ̀. Kọ̀ǹpútà tó wà lẹ́yìn ráútà kejì lè dé ọ̀dọ̀ printer tó wà lára àkọ́kọ́ bí ẹ bá fọwọ́ kọ nọ́ńbà rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní rí i fúnra rẹ̀. Tó bá jẹ́ printer ló wà lẹ́yìn ráútà kejì, kọ̀ǹpútà ara ti àkọ́kọ́ kò ní dé ibẹ̀ rárá. Ẹ wọ inú ètò ráútà kejì, kí ẹ yí i sí Access Point. Ògiri á wó, Wi-Fi á sì dé yàrá ẹ̀yìn síbẹ̀.

3. Ẹ kan ilẹ̀kùn

Nínú fèrèsé dúdú yẹn kan náà, ẹ kọ ping, ẹ fi àlàfo kan sílẹ̀, kí ẹ kọ nọ́ńbà tó wà lórí ìwé printer: ping 192.168.1.31. Tó bá sọ pé Reply from 192.168.1.31, tí time àti TTL sì tẹ̀ lé e, wọ́n ń gbọ́ra. Request timed out túmọ̀ sí pé a kan ilẹ̀kùn, a ò gbọ́ ohùn. Ìdáhùn kẹta ló ń tan èèyàn jẹ:

Reply from 192.168.1.20: Destination host unreachable.

Nítorí Reply tó ṣáájú, wọ́n á ní printer ti dáhùn. Ẹ wo nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ dáadáa. Kọ̀ǹpútà tiyín ni 192.168.1.20. Òun fúnra rẹ̀ ló ń sọ fún yín pé òun wá ẹni náà títí, òun kò rí i. Ìlà ìsàlẹ̀ tún lè kọ 0% loss bí ẹni pé nǹkan dára. Ẹ má dá a lóhùn.

Tí nọ́ńbà bá tọ̀nà, tí agbo ilé náà sì jẹ́ ọ̀kan, síbẹ̀ tí ping kò dé, ẹ wọ inú ètò Wi-Fi ráútà, ẹ wá AP Isolation tàbí Client Isolation. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé kò ní jẹ́ kí àwọn tó wà lórí Wi-Fi bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ọ̀nà íntánẹ́ẹ̀tì nìkan ló ṣí fún wọn. Ẹ pa á.

Tí ping bá dé, ẹ ṣe ohun kan tí ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ kì í ṣe: ẹ pa printer, kí ẹ tún ping nọ́ńbà yẹn. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni dáhùn. Tí ohùn bá ṣì ń jáde, a jẹ́ pé ẹlòmíràn ló ń jẹ́ nọ́ńbà printer yín. Ẹ kọ arp -a, kí ẹ wo Physical Address tó wà níwájú nọ́ńbà náà, ẹ fi wé Hardware Address tó wà lórí ìwé wa. Wọn kò ní jọra. Irú èyí ló ń fa printer tó ń ṣiṣẹ́ láàárọ̀ tí ó sì ń kọ̀ lọ́sàn-án. Mo ti rí ọ́fíìsì kan tí wọ́n fi odidi ọ̀sẹ̀ méjì bá a fà á, ó kù díẹ̀ kí wọ́n ra printer tuntun, nígbà tó jẹ́ pé fóònù ọ̀gá ló ń gba nọ́ńbà yẹn bí ọ̀gá bá ti dé.

Ping nìkan kò tó, torí ẹni tó dáhùn lẹ́nu ọ̀nà lè má gba ẹrù. Ẹnu ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ printer fi ń gba iṣẹ́ ni port 9100; ìlànà ìtẹ̀wé tí wọ́n ń pè ní IPP ń lo 631, LPD tó jẹ́ ti àtijọ́ ń lo 515. Ẹ ṣí PowerShell, fèrèsé àṣẹ mìíràn tó wà nínú Windows, ẹ kọ:

Test-NetConnection 192.168.1.31 -Port 9100

Tí TcpTestSucceeded bá jẹ́ True, ọ̀nà mọ́ láti ìhín dé ọ̀hún, ohun tó kù wà nínú Windows. Tó bá jẹ́ False nígbà tí ping dé, ẹ wo antivirus tó ní firewall (ẹ̀ṣọ́ tó ń dí ọ̀nà nẹ́tíwọ̀kì) tirẹ̀, kí ẹ pa á fúngbà díẹ̀ láti fi dánwò. Ẹ tún lè kọ nọ́ńbà printer síbi tí ẹ máa ń kọ orúkọ wẹ́ẹ̀bù sí nínú Chrome. Ojú ewé printer fúnra rẹ̀ á ṣí, ibẹ̀ ni ẹ ó ti rí bóyá wọ́n ti pa 9100. Chrome lè kìlọ̀ pé ojú ewé náà kò ní ààbò. Printer ló fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí ara rẹ̀, ìdí ìkìlọ̀ nìyẹn. Tó bá dá yín lójú pé nọ́ńbà printer yín ni, ẹ kọjá.

4. Ibi tí àdírẹ́sì àtijọ́ fara pamọ́ sí

Èyí gan-an ni oògùn ìṣòro tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ìtàn. Ẹ lọ sí Settings, Bluetooth & devices, Printers & scanners, ẹ tẹ orúkọ printer, kí ẹ yan Printer properties. Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe Printing preferences. Àwọn méjèèjì wà níbì kan náà, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣi ọ̀kan yàn fún èkejì. Ẹ tẹ Ports. Ọ̀kan nínú àwọn ìlà tó wà níbẹ̀ ti ní àmì, ìyẹn ni kọ̀ǹpútà ń lò.

Tí ìlà náà bá jẹ́ Standard TCP/IP Port, ẹ tẹ Configure Port. Nọ́ńbà àtijọ́ á jókòó síbẹ̀ bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan. Ẹ pa á rẹ́, ẹ kọ tuntun, ẹ tẹ OK, ó parí. Ẹ ò yọ nǹkan kan, ẹ ò tún nǹkan kan fi sí i. Orúkọ port náà lè máa jẹ́ nọ́ńbà àtijọ́ lọ. Orúkọ lásán nìyẹn, kò dí ohunkóhun lọ́wọ́.

Tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú WSD, Windows ló ṣe é fúnra rẹ̀ nígbà tó rí printer lórí nẹ́tíwọ̀kì. Àwọn kan fẹ́ràn rẹ̀ torí pé ó lè máa wá printer kiri bí nọ́ńbà bá yí. Èmi ò fẹ́ràn rẹ̀. Ìgbà tí kò bá rí i, kì í sọ ibi tó ń wò, kò sì sí nọ́ńbà kankan tí ẹ lè fọwọ́ tún ṣe. Ẹ tẹ Add Port, ẹ yan Standard TCP/IP Port, New Port, ẹ kọ nọ́ńbà tó wà lórí ìwé wa, kí ẹ máa tẹ Next títí yóò fi parí. Driver, ìyẹn sọ́fíwíà printer, tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò ní yí padà.

Lórí Mac, ẹ yọ printer kúrò ní Printers & Scanners, ẹ tẹ Add Printer, ẹ yan àmì àgbáyé tí wọ́n pè ní IP, kí ẹ kọ nọ́ńbà síbẹ̀.

5. Offline tó ń parọ́, àti iṣẹ́ tó há sọ́nà

Tí gbogbo ìdánwò bá dára, tí Windows sì takú pé Offline ni, ẹ padà sí Configure Port yẹn. Nísàlẹ̀ rẹ̀, ẹ ó rí SNMP Status Enabled. Ọ̀nà tí Windows fi ń béèrè àlàáfíà printer nìyẹn. Printer tí kò bá dá irú ìbéèrè yẹn lóhùn, Windows á kà á sí òkú bó tilẹ̀ ń mí. Ẹ yọ àmì ibẹ̀. Lórí Windows 10, ẹ tún ṣí ojú ewé ìtò iṣẹ́, ẹ tẹ Printer, kí ẹ wò bóyá ẹnikẹ́ni ti fi àmì sí Use Printer Offline.

Iṣẹ́ tó há náà ń dí tẹ̀yìn rẹ̀ lọ́wọ́, bíi mọ́tò tó kú sójú ọ̀nà tóóró. Tí ẹ bá pa á rẹ́ tí kò lọ, ẹ fi Run as administrator ṣí cmd, kí ẹ kọ net stop spooler. Spooler ni ètò Windows tó ń to iṣẹ́ ìtẹ̀wé. Ẹ lọ sínú C:\Windows\System32\spool\PRINTERS, ẹ pa gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́. Ẹ má pa fódà náà fúnra rẹ̀. Ẹ wá kọ net start spooler. Iṣẹ́ gbogbo ènìyàn tó wà lórí ìtò kọ̀ǹpútà yẹn ló máa lọ pẹ̀lú rẹ̀, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ sọ fún wọn.

6. Printer tó wà lẹ́yìn kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn

Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù kò ní printer nẹ́tíwọ̀kì. Wọ́n fi wáyà USB so ó mọ́ kọ̀ǹpútà kan, wọ́n wá pín in fún ìyókù. Ètò yìí níṣòro tirẹ̀. Kọ̀ǹpútà tó gbé printer lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ kú, kò gbọdọ̀ sùn, nẹ́tíwọ̀kì rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wà lórí Private, kì í ṣe Public, kí File and printer sharing sì wà ní títàn.

Tí ẹ bá rí àṣìṣe 0x0000011b, ọdún 2021 ni ìtàn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ní July ọdún náà, Microsoft sáré dí ihò kan nínú print spooler tí wọ́n ń pè ní PrintNightmare, èyí tí olè lè gbà wọ inú kọ̀ǹpútà. Ní September, wọ́n tún mú ìlànà ìtẹ̀wé láti kọ̀ǹpútà sí kọ̀ǹpútà le sí i. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti ṣe update fún àti èyí tí wọn kò ṣe fún kò gbọ́ èdè ara wọn mọ́. Ẹ ó rí ọ̀pọ̀ fídíò tó ní kí ẹ lọ sínú registry, ibi tí Windows ń kọ ètò rẹ̀ pamọ́ sí, kí ẹ kọ RpcAuthnLevelPrivacyEnabled, kí ẹ sì fún un ní 0. Ó máa ṣiṣẹ́. Ó sì tún máa ṣí ilẹ̀kùn tí wọ́n ti tì. Mi ò jẹ́ ṣe é ní ṣọ́ọ̀bù tí flash drive oníbàárà ń wọ kọ̀ǹpútà láti àárọ̀ dalẹ́. Ẹ ṣe update fún kọ̀ǹpútà méjèèjì.

7. Kí nọ́ńbà má baà yí padà mọ́

Tí ẹ bá tún nọ́ńbà kọ lónìí, tí iná bá lọ lọ́la, ẹ tún lè padà síbi tí ẹ wà. Ẹ fi nọ́ńbà MAC tó wà lórí ìwé wa ṣiṣẹ́. Nọ́ńbà yẹn kò dà bí IP, láti ilé iṣẹ́ tó ṣe printer ló ti gbà á, kì í yí. Ẹ wọ inú ráútà, níbi DHCP, ẹ wá Address Reservation tàbí Static Lease. Ẹ kọ MAC náà síbẹ̀, ẹ kọ IP tí ẹ fẹ́ kó máa jẹ́, kí ẹ tẹ Save. Láti ìgbà náà lọ, yàrá yẹn ti di tirẹ̀, ẹlòmíràn kò lè sùn síbẹ̀. Tí printer bá ń lo wáyà àti Wi-Fi, MAC méjì ló ní. Ẹ kọ ti èyí tó ń lò lọ́wọ́.

Tí ráútà kò bá ní irú àyè bẹ́ẹ̀, ẹ yan Manual IP nínú printer fúnra rẹ̀. Ìkìlọ̀ kan ṣoṣo ni pé kí nọ́ńbà tí ẹ bá yàn má ṣe sí lára àwọn tí ráútà ń pín. Tó bá ń pín láti 192.168.1.100 dé 192.168.1.199, ẹ fún printer ní 192.168.1.50. Ẹni tó bá mú 105 ti lọ gba yàrá tí ráútà yóò tún fún àlejò mìíràn; ìtàn fóònù ọ̀gá ló tún padà dé yẹn. Fóònù tí ẹ sọ di hotspot kò dára fún iṣẹ́ yìí rárá, torí Android òde òní lè máa yí gbogbo agbo ilé náà padà nígbàkígbà tí ẹ bá pa hotspot tí ẹ tún un tàn.

Kí n tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù èyíkéyìí, mo máa ń lẹ bébà kékeré kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ printer. Mo máa ń kọ IP rẹ̀, MAC rẹ̀, orúkọ Wi-Fi rẹ̀ àti ọjọ́ tí mo ṣe é sórí rẹ̀. Nísàlẹ̀ rẹ̀ ni mo máa ń kọ ètò títàn nígbà tí NEPA bá mú iná dé: ráútà lákọ̀ọ́kọ́, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú méjì, printer, lẹ́yìn náà kọ̀ǹpútà.